Láti Sùtánà dé Jíǹsì: Aṣọ Ìsìn ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ilẹ̀ Yorùbá

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1902, Mọjọlá Agbẹ̀bí wàásù ní Èkó níbi àjọ̀dún ọdún kìíní Ìjọ Áfíríkà. Ó ka àwọn nǹkan kan lẹ́sẹẹsẹ tó ní wọn kì í ṣe ara ìgbàgbọ́ rárá: ìwé àdúrà àti ìwé orin, dùùrù, àga gígùn tí wọ́n tò sínú ilé ìsìn, ẹ̀wù àwọn akọrin, orúkọ òyìnbó, aṣọ òyìnbó. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá mọ Krístì kò nílò èyíkéyìí nínú wọn kó tó lè sìn ín.

Bàbá yìí kì í wàásù ohun tí kò ṣe. David Brown Vincent ni orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1894 ló pa á tì tó gba orúkọ Yorùbá, ó sì kọ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó lọ sí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ní 1903, aṣọ ilẹ̀ wa náà ló wọ̀ níwájú àwọn tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní Èkó ayé ìgbà yẹn, níbi tí kóòtù àti fìlà gíga ti jẹ́ àmì pé ojú èèyàn ti là, ọ̀tẹ̀ gidi ni.

Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún báyìí, ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó ń rò ó ló ti pààrọ̀ àyè. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ jíǹsì àti tí-ṣẹ́ẹ̀tì wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń fojú burúkú wò, àgbà tó wọ súùtù tó so táì ló sì ń ṣọ́ àṣà. Súùtù tí Agbẹ̀bí kọ̀ ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń gbèjà. Ẹni tó bá máa bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìmúra gbọ́dọ̀ mọ ìtàn yìí, torí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí aṣọ ìsìn kan nílẹ̀ Yorùbá tí ẹnìkan kò kọ́kọ́ fi ta ko èyí tó wà ṣáájú rẹ̀. Ìbéèrè tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò máa bi aṣọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá ni pé: ta ló gbà wọlé, ta ló sì tì síta?

Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ kò ní aṣọ ìsìn kankan. Ẹ̀wù ńlá tí àlùfáà Kátólíìkì ń gbé wọ̀ níbi Máàsì, lára aṣọ ìlékè tí àwọn ará Róòmù fi ń gba òtútù àti òjò lọ́nà àjò ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀wù funfun abẹ́ rẹ̀ náà, aṣọ ojoojúmọ́ wọn ni. Nígbà tó yá, ìwọṣọ yí padà ní ìgboro, àwọn àlùfáà kò yí tiwọn padà, bí aṣọ tí gbogbo ayé ń wọ̀ ṣe di aṣọ mímọ́ nìyẹn. Ní ọdún 428, Póòpù Celestine Kìíní kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan ní gúúsù ibi tó di ilẹ̀ Faransé lónìí, ó bá wọn wí pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí àwọn èèyàn wọn. Ó ní ẹ̀kọ́ àti ìwà ló yẹ kí a fi dá ìránṣẹ́ Ọlọ́run mọ̀. Póòpù fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìgbàgbọ́ kò tíì pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún láyé.

Àwọn Sàró ló gbé kóòtù dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí wọ́n kàwé níbẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther fìdí iṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ṣe ìrìbọmi gba orúkọ tuntun, ó sì wá aṣọ tuntun tó bá orúkọ náà mu. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí ṣẹ̀sín. Ẹni tí wọ́n ti bọ́ sí ìhòòhò rí nínú ọkọ̀ ẹrú mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn bora, kóòtù tó wọ̀ lọ sílé Ọlọ́run sì ń jẹ́rìí pé kò sẹ́ni tó tún lè tà á mọ́. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé láàárín ìran kan, kóòtù tó jẹ́ ẹ̀rí òmìnira ti di ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn. Ní Freetown kan náà, ní 1887, àwọn ọ̀mọ̀wé kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí àtúnṣe aṣọ, wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn pa aṣọ òyìnbó tó wúwo tì, kí wọ́n sì wọ èyí tó bá ooru ilẹ̀ Áfíríkà mu. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló tàn dé Èkó ní ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, tí àwọn gbajúmọ̀ onígbàgbọ́ fi ń pààrọ̀ orúkọ àti aṣọ.

Àwọn Kátólíìkì gba ọ̀nà tiwọn. Láti 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà míṣọ́n kan láti Áílàǹdì, tí Kevin Carroll lókìkí jù láàárín wọn, ní ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin, gbẹ́gi níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ igi wọn, aṣọ Yorùbá ni àwọn amòye tó wá kí Jésù jòjòló wọ̀. Àwọn ahunṣọ wa náà ṣe tiwọn: wọ́n hun aṣọ tí wọ́n fi rán ẹ̀wù tí àlùfáà ń wọ̀ dúró níwájú pẹpẹ. Ó dùn mọ́ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní abúlé Èkìtì ní ọ̀pọ̀ ọdún kí àpérò ńlá Vatican Kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, tó ṣí ilẹ̀kùn fún àṣà ìbílẹ̀ nínú ìsìn.

Síbẹ̀, àwọn tó yí aṣọ ìsìn padà jù lọ nílẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, wọn kì í sì í ṣe òyìnbó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1925, Abíọ́dún Akíńṣọ̀wọ́n, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, ríran ní Èkó níbi tí àwọn Kátólíìkì ti ń yí ìlú ká lọ́jọ́ àjọ̀dún Corpus Christi. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé, wòlíì ará Ìkàrẹ́, kó wá gbàdúrà fún un. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde. Ní 1947, Samuel Bíléwù Oshoffa, káfíńtà ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Celestial, sílẹ̀. Aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní sùtánà ni ìjọ méjèèjì gbé wọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn áńgẹ́lì ṣe ń múra nínú ìran.

Ó yẹ kéèyàn wo sùtánà yẹn dáadáa. Aṣọ funfun kan ṣoṣo ni, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, apá rẹ̀ bo ọwọ́, àmùrè dì í mọ́ ìbàdí. Télọ̀ àdúgbò ló ń rán an. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n á ju búlúù díẹ̀ sínú omi ìkẹyìn kó lè funfun, wọ́n á sá a síbi tí eruku kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi le gbandi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta á há mọ́ inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan, funfun báláú ni gbogbo wọn. Agbẹjọ́rò àti ẹni tó ń lẹ táyà jókòó sí orí ìjókòó kan náà, kò sí aṣọ tó ń sọ èyí tó jẹ́ agbẹjọ́rò nínú wọn. Ohunkóhun tó wù kó wà lábẹ́ sùtánà, yálà ṣòkòtò tó ti ya ni o, tàbí àwọ̀tẹ́lẹ̀ olówó ńlá, ẹnikẹ́ni kò rí i. Nínú gbogbo àyípadà tí ìtàn yìí ń sọ, èyí ló sún mọ́ ohun tí ìgbàgbọ́ ń wí jù. Ó ṣeni láàánú pé kò pẹ́ tí ipò fi wọ inú rẹ̀: àmùrè aláwọ̀ oríṣiríṣi, aṣọ ìlékè olówùú wúrà, oyè tó ń fi ẹni tó ga ju ẹni hàn. Bí wọ́n bá tún da funfun yẹn pa dà sí bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀, ìjọ náà yóò jèrè.

Ará Celestial kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Yóò fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí títì tí oòrùn ti yan, yóò sì kọjá lára omi ẹrẹ̀ láì ráhùn. Ìtàn Mósè níwájú igbó tó ń jó ni wọ́n ń tọ́ka sí, àmọ́ àṣà náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ìran tí kì í wọ bàtà lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdàkejì ayé. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní hippie bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Costa Mesa, ní California, tó ń jẹ́ Calvary Chapel. Jíǹsì ni wọ́n wọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì wọ bàtà. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nílẹ̀ nínú ilé ìsìn náà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà, ẹnìkan kọ ọ́ sára ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, pé ẹni tí kò bá wọ bàtà kò gbọdọ̀ wọlé. Pásítọ̀ wọn, Chuck Smith, ya ìwé náà kúrò. Ó sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé bó bá jẹ́ nítorí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe máa lé ọmọ ọlọ́mọ padà, òun yóò kúkú ká a nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ lásán tó jẹ́ ọ̀wọ̀ ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n pè ní àrífín ní Costa Mesa. Ọlọ́run tí wọ́n ń wá lọ síwájú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ California wọ̀nyẹn ni gìtá àti jíǹsì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìjọ ní Amẹ́ríkà, kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò sì gbé e dé Èkó nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ nílé. Josiah Akíndayọ̀mí, ọmọ Oǹdó, wòlíì ni nínú Kérúbù àti Séráfù kó tó jáde ní 1952 láti dá Ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní Ẹbúté Mẹ́ta. Ó bọ́ sùtánà sílẹ̀. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni aṣọ ṣákálá: obìnrin á borí, kò ní wọ ṣòkòtò, kò ní fi yẹtí sí etí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ìsọjí gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ní 1973, William Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun ló di ìjọ Deeper Life. Àwọn tó gbé ayé ìgbà yẹn rántí ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní SU, lórúkọ ẹgbẹ́ Scripture Union: síkẹ́ẹ̀tì tó gbálẹ̀, ìborí tí a dì mọ́ àgbọ̀n, ojú tí kò rí àtíkè. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó yẹ ká rí ohun tí wọ́n ṣe. Ọmọ olówó àti ọmọ àgbẹ̀ ń múra bákan náà ní ọgbà ilé ìwé, ọmọbìnrin tí kò ní owó ṣéènì ọrùn kò nídìí tí yóò fi tijú. Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni pé ara obìnrin nìkan ni òfin náà wá dúró lé. Ọkùnrin rí súùtù rẹ̀ wọ̀, wọ́n ń wọn gígùn síkẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kúrò nínú ìjọ. Ẹni tó bá ti dé irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ mọ àpò náilọ́ọ̀nù tó máa ń wà lábẹ́ àga àwọn tó ń gbàlejò. Síkáàfù ló kún inú rẹ̀, òmíràn ti ṣá, òmíràn ń rùn òórùn ìpara irun ẹni tó lò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin tí kò borí bá wọlé, wọ́n á na ọ̀kan sí i kó tó ráyè jókòó, gbogbo ìlà ẹ̀yìn á sì yíjú wò ó bó ṣe ń dì í. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì ni wọ́n dúró lé, kò sì yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ìjọ tó ka ìwé kan náà kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ìwé òfin ìjọ Kátólíìkì ti 1917 ní kí obìnrin borí nínú ilé ìsìn. Nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1983, gbólóhùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Obìnrin Kátólíìkì púpọ̀ nílẹ̀ wa ṣì ń borí síbẹ̀, torí ó wù wọ́n bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì dára.

Enoch Adébóyè, tó gba ipò Akíndayọ̀mí ní 1981, rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ọ̀dọ́, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn dókítà, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìjọ Ìràpadà láì wọlé. Láti 1988, ó jẹ́ kí ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú ẹ̀ka mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní model parish. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ìlù àti orin yàtọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi obìnrin nípa ṣòkòtò tàbí yẹtí. Àwọn ẹ̀ka àtijọ́ tó ń lo Yorùbá ṣì wà, òfin wọn sì wà bó ṣe wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìjọ kan ṣoṣo, lábẹ́ olórí kan tí òun fúnra rẹ̀ kò fi súùtù àti táì olórí labalábá sílẹ̀, ni ìwọṣọ méjèèjì ti ń gbé pọ̀. Ìgbésẹ̀ yẹn ló sọ Ìjọ Ìràpadà di ohun tó dà lónìí. Ẹni tó bá ń sọ pé ìwọṣọ ìrọ̀rùn ń lé ẹ̀mí Ọlọ́run lọ gbọ́dọ̀ rí àlàyé ṣe fún ìtàn yìí.

Ọ̀rọ̀ tó dun olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí jù lọ kò sí lára jíǹsì. Ìkórè ni. Oṣù mélòó kan kó tó dé, àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ á ṣèpàdé lórí àǹkóò. Aláṣọ á gbé àpẹẹrẹ léèsì wá, wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á mú èyí tó dán jù, wọ́n á kéde iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n á pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, wọ́n á jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ kan náà. Ó lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa la fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Ẹ wá wo opó tí kò rí owó léèsì san. Àǹkárá èṣí ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá jó pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, òun nìkan ni yóò yàtọ̀ nínú fọ́tò. Bó bá jókòó, gbogbo ìjọ á mọ ìdí tó fi jókòó. Púpọ̀ irú wọn kì í wá rárá, wọ́n á ní àwọn lọ sí abúlé. Ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Aṣọ ló lé wọn.

Jákọ́bù rí èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tó kọ̀wé nípa ìjọ tó fún olórùka wúrà ní àga dáadáa, tó sì ní kí tálákà dúró tàbí kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. John Wesley, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ wá, kọ odindi ìwàásù lórí aṣọ nígbà tó ti di arúgbó. Ẹjọ́ rẹ̀ le: owó tó bá kọjá ohun tó yẹ, tí onígbàgbọ́ kó lé aṣọ lórí, ẹnu tálákà ló ti já a gbà. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ nílẹ̀ wa ń jó àǹkóò bíi ti àwọn yòókù.

Jíǹsì náà kò mọ́ tónítóní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ìjọ tuntun kan ní Lekki àti Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti kun ògiri ní dúdú, tí iná aláràbarà ń tàn sórí pèpéle, pásítọ̀ ń wàásù nínú bàtà kánfáàsì tó wọ́n ju súùtù bàbá rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ tó ra jíǹsì òkírìkà lábẹ́ afárá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín tirẹ̀ àti tiwọn, bí ojú àgbà kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìwọṣọ ìrọ̀rùn lè di aṣọ ẹgbẹ́ tí kò gba tálákà mọ́ra, bí ti ìkórè gẹ́lẹ́.

Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 2020 mú kí gbogbo ènìyàn tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ṣọ́ọ̀ṣì Èkó wà ní títì láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kẹjọ. Ìdílé jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé, wọ́n ń fi fóònù jọ́sìn, ìyá tó ti fi ogún ọdún wé gèlè lọ́jọ́ Ìsinmi fi síkáàfù tó fi sùn gba oúnjẹ Olúwa. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀pọ̀ kò padà sí gbogbo ẹrù aṣọ àtijọ́ mọ́. Ní ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá àwọn Áńgílíkà ilé, àpérò gbogbogbòò ti fọwọ́ sí i láti 2017 pé àlùfáà lè ṣe ìsìn láì wọ ẹ̀wù ìsìn, bí ìgbìmọ̀ ìjọ rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ní Peckham lè rí i lọ́jọ́ Ìsinmi kan náà: oníṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò lásán níwájú pẹpẹ Áńgílíkà, ẹlẹ́sẹ̀ lásán nínú sùtánà funfun ní òpópónà kejì, nínú òtútù.

Ìgbìmọ̀ ìjọ tó bá fẹ́ ṣe nǹkan nípa ọ̀rọ̀ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkórè tó ń bọ̀. Kí wọ́n mú àwọ̀ kan dípò léèsì kan, kí ẹni tó ní àdìrẹ aláwọ̀ náà wọ àdìrẹ, kí ẹni tó ní àǹkárá wọ àǹkárá. Kí àpò síkáàfù wà ní ibi tí ẹni tó bá fẹ́ lè ti mú un fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tí yóò nà án sí i. Kí wọ́n sì pe àwọn ọ̀dọ́ oníjíǹsì jókòó, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ẹni tí kò lè wá nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àti ìdí rẹ̀.